Ọ̀NÀ ABÚLÉ ÀTI OMI ÒJÒ: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Àgbẹ̀ Kòkó Tí Ń Fẹ́ Fi Ọ̀wẹ̀ La Ọ̀nà

Ìwé kékeré yìí wà fún ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó tí abúlé yín jìnnà sí ojú ọ̀nà ọkọ̀, tí ẹ sì ti ń rò ó pé ó yẹ kí ẹ la ọ̀nà tí lọ́rì yóò lè gbà wọlé. A kò kọ ọ́ láti sọ fún yín pé ọ̀nà dára. Ẹni tí ó ti ru àpò kòkó kọjá odò mọ èyí ju ẹni tí ń kọ̀wé lọ. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni ìdí rẹ̀ tí ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ abúlé fi ọ̀wẹ̀ là kì í fi pẹ́ ju òjò ọdún kan tàbí méjì lọ, àti ohun tí ẹ lè ṣe kí ti yín má bàa rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò pọ̀. Omi ni ó ń pa ọ̀nà tí a fi ilẹ̀ lásán ṣe. A gbọ́dọ̀ lé omi kúrò lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ibi tí a bá lé e sí, oko ẹnì kan ni. Nítorí náà iṣẹ́ ọkọ́ àti iṣẹ́ àdéhùn ni iṣẹ́ ọ̀nà, èkíní kò sì lè dúró láìsí èkejì. Abúlé tí ó bá ṣe àdéhùn kí ó tó gbé ọkọ́, ọ̀nà rẹ̀ yóò pẹ́. Èyí tí ó bá gbé ọkọ́ kí ó tó ṣe àdéhùn, ìjà ni yóò fi parí rẹ̀.

1. OHUN TÍ Ọ̀NÀ BÚBURÚ Ń GBÀ LỌ́WỌ́ YÍN

Ẹ mọ bí iṣẹ́ kòkó ti rí. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ká èso, tí ẹ ti fọ́ ọ, tí ẹ sì ti kó ọmọ rẹ̀ bò sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọjọ́ 5 tàbí 6, tí ẹ ń yí i padà ní ọjọ́ méjì méjì, ẹ ó sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ. Kòkó tí ó gbẹ tó ni èyí tí omi inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 7 àbọ̀ nínú 100 lọ. Bí omi náà bá ju ìdá 8 lọ, kòkó yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bu nínú àpò, kò sì sí oòrùn tí ó lè mú òórùn bíbu náà kúrò mọ́. Ìgbà tí èso kòkó pọ̀ jù lọ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òjò kò tíì dá. Kòkó tí ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan sá lè padà mu omi láàárín wákàtí kan lójú ọ̀nà, tàbí kí ó máa jókòó nínú yàrá tútù títí tí ẹrẹ̀ yóò fi gbẹ tí ọkọ̀ yóò fi lè wọlé.

Ìpalára kejì wà nínú iye owó. Nígbà tí Àjọ tí ń ta kòkó fún ìjọba ṣì wà, òun ni ó ń là iye tí a ó san sílẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti fagi lé àjọ náà ní 1986, ẹ̀yin àti olùrà ni ẹ ń ná an láàárín ara yín. Bí olùrà bá mọ̀ pé lọ́rì òun kò lè dé ọ̀dọ̀ yín, tí ó jẹ́ pé alùpùpù ni yóò máa kó àpò náà jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò ti yọ owó ìrìn náà kúrò kí ó tó dárúkọ iye tí yóò san. Ẹ kò rí owó náà nígbà tí ń lọ, nítorí kò sí ẹni tí ń kọ ọ́ sínú ìwé fún yín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ béèrè iye tí a ń ra àpò kan ní ẹ̀bá ọ̀nà ńlá ní ọjọ́ kan, kí ẹ sì béèrè iye tí a ń rà á ní abúlé yín ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ yọ kékeré kúrò nínú ńlá. Ohun tí ó kù, ẹ kà á ní iye ìgbà tí àpò tí gbogbo abúlé ń tà lọ́dún jẹ́. Iye tí ẹ bá rí ni owó orí tí ẹ ń san fún ẹrẹ̀ lọ́dọọdún, láìgba ìwé ẹ̀rí.

Ìpalára kẹta kò ṣeé fi owó kà: aboyún tí ọkọ̀ kò lè gbé ní òru, aláìsàn tí a fi ọmọlanke tì dé ojú ọ̀nà, olùkọ́ tí ó kọ̀ láti wá gbé ní abúlé, àti obìnrin tí ẹ̀fọ́ rẹ̀ rọ kí ó tó dé ọjà.

2. Ọ̀NÀ TÍ A FIPÁ ṢE ÀTI Ọ̀NÀ TÍ A FI TA NÍ LỌ́RẸ

Ní 1906 ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lójú ọ̀nà tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ní ayé àwọn òyìnbó, ọ̀pọ̀ ọ̀nà ni a fi ipá mú àwọn ènìyàn ṣe. Àṣẹ á ti òkè wá, ọba tàbí baálẹ̀ á kó àwọn ènìyàn jáde, kò sì sí ẹni tí ń bi wọ́n bóyá ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kí ọ̀nà gbà. Ní 1930 ni àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn ní Geneva láti fòpin sí iṣẹ́ àfipáṣe. Ohun tí a fi ipá ṣe, ọjọ́ tí ipá bá kúrò ni a ń fi í sílẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni èyí tí a fi ta ni lọ́rẹ. Ní 1986, ìjọba àpapọ̀ dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún oúnjẹ, ọ̀nà àti ohun amáyédẹrùn ìgbèríko, a sì la ọ̀pọ̀ ọ̀nà abúlé nígbà náà. Níbi tí kò sí ẹni tí a yàn láti máa tọ́jú wọn, òjò gbà wọ́n padà. Àwọn ará abúlé ń wòye pé ti ìjọba ni ọ̀nà náà. Ìjọba sì ti lọ síbòmíràn.

Kì í ṣe pé àwọn àgbẹ̀ kòkó kò mọ iyì ọ̀nà. Nígbà tí àwọn Àgbẹ́kọ̀yà dìde ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ní 1968 àti 1969, tí Táfà Adéoyè wà lára àwọn aṣíwájú wọn, owó orí àti iye owó kòkó ni ọ̀rọ̀ wọn dá lé jù lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà abúlé tí ó ti bàjẹ́ wà lára ẹ̀hónú wọn pẹ̀lú. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún wa ni pé ọ̀nà nílò ẹni tí yóò pè é ní tirẹ̀. Ọ̀wẹ̀ ni ó lè fún un ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, bí a bá ṣe é bí ó ti yẹ.

3. ÀDÉHÙN TÍ Ó GBỌ́DỌ̀ ṢÁÁJÚ IṢẸ́

Kí baálẹ̀ pe gbogbo abúlé jọ, kì í ṣe àwọn ìjòyè nìkan. Ẹ má ṣe gbàgbé àwọn wọ̀nyí:

(a) àwọn obìnrin, nítorí àwọn ni wọ́n ń rìn lójú ọ̀nà náà jù lọ ní ọjọ́ ọjà, wọ́n sì mọ ibi tí omi ń dá ènìyàn dúró;

(b) àwọn àlejò tí ń bá onílẹ̀ ṣe oko kòkó tí wọ́n sì ń pín èrè, nítorí ọwọ́ wọn wà nínú iṣẹ́, kò sì tọ́ kí ọ̀rọ̀ wọn má sí nínú ìmọ̀ràn;

(d) àwọn abúlé mìíràn tí ọ̀nà náà yóò gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá;

(e) àwọn ọmọ abúlé tí ń gbé ìlú, nítorí a ó béèrè owó lọ́wọ́ wọn, ó sì yẹ kí wọ́n mọ ohun tí a fẹ́ fi ṣe.

Ìbéèrè mẹ́ta ni ìpàdé náà gbọ́dọ̀ dáhùn.

Ìbéèrè kìíní: níbo ni ọ̀nà yóò gbà? Ọ̀nà ẹsẹ̀ àtijọ́ sábà máa ń tọ ìsàlẹ̀ lọ, nítorí àwọn baba wa ń wá omi mímu lójú ìrìn. Ọ̀nà ọkọ̀ kò wá omi. Ó ń sá fún un. Bí orí òkè kékeré bá wà tí ọ̀nà lè tọ̀ lọ, ẹ gbà á, bí ó tilẹ̀ gùn díẹ̀ sí i. Omi yóò máa ṣàn kúrò níbẹ̀ sí ọ̀tún àti sí òsì láìsí wàhálà, ojú omi tí ẹ ó kọ́ sábẹ́ ọ̀nà yóò sì dínkù.

Ìbéèrè kejì: igi kòkó ta ni yóò lọ? Ẹ jẹ́ kí ènìyàn mẹ́ta bá olóko rìn lójú ibẹ̀, kí wọ́n ka igi rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ kí àdá kankan tó kàn án. Igi tí ẹ bá gé ní ọjọ́ kan ti ń so. Èyí tí a bá gbìn dípò rẹ̀ yóò lo ọdún 3 tàbí 4 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so. Kò tọ́ kí ẹnì kan ru àdánù yìí fún gbogbo ènìyàn. Abúlé lè san owó fún un; ó lè gbin igi mìíràn fún un ní ọ̀wẹ̀, kí ó sì bá a ro ó títí yóò fi so; tàbí kí a yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́ àti owó ọ̀nà fún iye ọdún tí gbogbo yín bá fohùn sí. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìbéèrè kẹta ni èyí tí àwọn ènìyàn ń gbàgbé, òun ni ó sì ń ba ọ̀nà jẹ́ jù lọ: oko ta ni omi yóò ṣàn sí? Igi kòkó fẹ́ ilẹ̀ tí ó tutù, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí omi dúró sí ìdí rẹ̀. Níbi tí omi bá dúró, gbòǹgbò a máa rà, àrùn tí ń sọ èso di dúdú a sì máa pọ̀. Nítorí náà bí ẹ bá kó omi ìdajì máìlì jọ sínú kòtò kan, tí ẹ sì dà á sí oko ọkùnrin kan láìgba àṣẹ rẹ̀, ẹ má ṣe yà á lẹ́nu bí ó bá wá ní òru láti fi erùpẹ̀ dí ẹnu kòtò náà. Oko rẹ̀ ni ó ń gbà là. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó bá dí i ni omi yóò padà sójú ọ̀nà, ọ̀nà náà yóò sì ti bàjẹ́ kí òjò tó dá.

Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ ni kí a pín omi. Omi tí a kó jọ ni ó ń gbẹ́ ilẹ̀. Omi tí a pín wẹ́wẹ́, ilẹ̀ yóò mu ún. Ẹ máa ya ẹnu kòtò jáde ní gbogbo nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 70 níbi tí ilẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́, kí olóko kọ̀ọ̀kan lè gba díẹ̀, kí ó má sì sí ẹni tí yóò gba gbogbo rẹ̀. Níbi tí odò tàbí igbó tí a kò dá wà nítòsí, ibẹ̀ ni kí ẹ dá a sí. Ẹ jẹ́ kí olóko kọ̀ọ̀kan dúró lójú ibi tí omi yóò gbà wọ oko rẹ̀, kí ó rí i fúnra rẹ̀, kí ó gbà, kí ó sì fọwọ́ sí ìwé. Ìwé náà kí ó jẹ́ méjì: ọ̀kan lọ́wọ́ baálẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́ akọ̀wé.

4. BÍ A TI Ń PÍN IṢẸ́

Ọ̀wẹ̀ tí a kò fi ìwọ̀n sí ni ó ń bí ìkùnsínú. Bí gbogbo abúlé bá jáde ní ọjọ́ Sátidé kan tí a sọ pé kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ títí oòrùn yóò fi mú, alágbára yóò ṣe púpọ̀, ọ̀lẹ yóò sinmi lórí ọkọ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì yóò sì jọ lọ sílé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó sàn kí a fi okùn wọn iṣẹ́ fún olúkúlùkù.

Ẹ jẹ́ kí a fi abúlé kan tí a rò lọ́kàn ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ máìlì 2, èyí ni yáàdì 3,520. Yáàdì 320 nínú rẹ̀ jẹ́ àbàtà, èyí tí gbogbo ènìyàn yóò pawọ́ pọ̀ ṣe. Ó ku yáàdì 3,200. Lẹ́yìn tí a ti yọ àwọn arúgbó, àwọn aláìsàn, àwọn opó tí kò ní ọmọ tí ó dàgbà, àti àwọn tí a gé igi wọn, ó ku ènìyàn 80 tí ó lè ṣiṣẹ́. Ìpín olúkúlùkù jẹ́ yáàdì 40. Kí a kan èèkàn sí orí àti ìdí ìpín kọ̀ọ̀kan, kí a sì ṣẹ́ gègé láti mọ ẹni tí ó ni í, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé a ṣe ojúsàájú.

Bí kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà bá fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2 lókè àti ẹsẹ̀ bàtà 1 nísàlẹ̀, tí ó sì jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 1, ọkùnrin kan yóò lè wa ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nínú yáàdì 40 láàárín nǹkan bí ọjọ́ 5 sí 7. Ó lè ṣe é ní àkókò tí ó bá wù ú, ó lè bẹ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àáró, ó sì lè fi owó gba alágbàṣe. Ohun kan ṣoṣo tí abúlé ń béèrè ni pé kí ó parí ní ọjọ́ tí a dá, kí ó sì bá ìwọ̀n mu.

Ní ti ẹni tí kò bá ṣe ìpín rẹ̀, kí a ti fohùn ṣọ̀kan lórí owó ìtanràn rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó owó tí alágbàṣe yóò gbà láti ṣe é, kí ó má sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú àpò ọ̀nà ni kí owó náà lọ, kì í ṣe inú ọtí ìpàdé.

5. BÍ A TI Ń ṢE OJÚ Ọ̀NÀ

Àkókò iṣẹ́ jẹ́ oṣù kìíní àti oṣù kejì, nígbà tí kòkó ti dínkù, tí odò sì ti fà. Nígbà náà ni kí ẹ ṣán igbó, kí ẹ hú kùkùté, kí ẹ kọ́ ojú omi, kí ẹ sì wa kòtò. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe lu ilẹ̀ ọ̀nà nígbà tí ó gbẹ. Eruku lásán ni yóò di. Ẹ fi ìlulẹ̀ sílẹ̀ di ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti mú ilẹ̀ rọ̀ ní oṣù kẹta. Bí ẹ bá bu ilẹ̀ náà sí àtẹ́lẹwọ́ tí ẹ fún un, tí ó dì bí èkuru tí omi kò sì jáde lára rẹ̀, ó ti tó àkókò láti lù ú.

Ìwọ̀n tí ó tọ́ fún ọ̀nà abúlé ni ẹsẹ̀ bàtà 12, láìka kòtò mọ́ ọn. Ilẹ̀ tí ẹ bá wà nínú kòtò méjèèjì, ẹ má ṣe dà á sí ẹ̀yìn kòtò. Àárín ọ̀nà ni kí ẹ dà á sí. Yóò tó láti mú kí àárín ọ̀nà ga ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ ní ínǹṣì 4, kí ojú ọ̀nà lè rí bí ẹ̀yìn ahun. Omi tí ó bá bọ́ sí ẹ̀yìn ahun kì í dúró. Láti mọ̀ bí ó bá dọ́gba, ẹ yá rọ́bà funfun tí àwọn bíríkìlà ń fi omi sí.

Ẹ gé ẹ̀ka igi tí ó ṣíji bo ọ̀nà kúrò. Òjìji tí ó dára fún kòkó kò dára fún ọ̀nà. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ ni ó ń gbẹ ẹ lẹ́yìn òjò.

Níbi tí ilẹ̀ bá jẹ́ amọ̀ tàbí iyanrìn lásán, ẹ wa yangí tí ó ní òkúta wẹ́wẹ́ wá. Ẹ tẹ́ ẹ ní ínǹṣì 8, kí ẹ sì fi igi wúwo lù ú títí yóò fi di ínǹṣì 6. Níbi tí ọ̀nà bá sì ti ń sọ̀kalẹ̀ gan-an, ẹ to òkúta ní ìdábùú sínú kòtò bí àtẹ̀gùn, kí omi lè máa rọra sọ̀kalẹ̀ láìgbẹ́ ìsàlẹ̀ kòtò.

6. OJÚ OMI ABẸ́ Ọ̀NÀ

Níbi tí omi gbọ́dọ̀ dá ọ̀nà kọjá, abẹ́ ni kí ó gbà. Ẹ bi àwọn àgbà ibi tí omi dé nígbà tí ó kún jù lọ, kí ẹ sì wo ara igi fún pàǹtí tí omi gbé kọ́ ibẹ̀. Àwọn àmì wọ̀nyí kì í purọ́.

Páìpù kóńkéré tí ẹ bá lò, kí ihò rẹ̀ má ṣe dín ní ẹsẹ̀ bàtà 2 ní fífẹ̀. Èyí tí ó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ rọrùn láti rà, ṣùgbọ́n ènìyàn kò lè wọ inú rẹ̀ láti kó ìdọ̀tí, ọdún kejì ni yóò ti dí. Kí ilẹ̀ tí ó bo orí rẹ̀ nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ táyà lọ́rì yóò fọ́ ọ. Bí páìpù náà bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 20, kí ìdí rẹ̀ rẹlẹ̀ ju orí rẹ̀ lọ ní ínǹṣì 6 tàbí 7. Ẹ mọ ògiri òkúta sí ẹnu méjèèjì, kí ẹ sì to òkúta ńlá sí ibi tí omi ti ń jáde, nítorí ibẹ̀ ni ó ti ń gbẹ́ ilẹ̀ jù lọ.

Bí owó páìpù kò bá tíì tó, ẹ lè fi igi ìrókò tí ó gbó ṣe afárá lórí omi kékeré fún ìgbà díẹ̀. Igi rírọ̀ kò wúlò. Ikán àti ọ̀rinrin yóò jẹ ẹ́ tán, ọjọ́ tí yóò dá kò ní sọ fún awakọ̀. Ní ti odò tí ń kún bo ènìyàn lórí, ẹ má ṣe fi ọ̀wẹ̀ dán afárá rẹ̀ wò. Iṣẹ́ ẹnjiníà ni.

7. OWÓ ÀTI ÌWÉ OWÓ

Ẹ yan ènìyàn mẹ́ta: akápò tí yóò pa owó mọ́, akọ̀wé tí yóò kọ ọ́, àti olùyẹ̀wò tí yóò fi ìwé wé owó. Ẹnì kan kò gbọdọ̀ di ipò méjì mú. Kí a fi owó náà pamọ́ sí báǹkì tàbí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní orúkọ ọ̀nà abúlé, kì í ṣe ní orúkọ ènìyàn. Àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí òfin 1935 fún àwọn àgbẹ̀ ní àǹfààní láti dá sílẹ̀ fi hàn pé àgbẹ̀ lè pa owó mọ́ bí a bá ń ka ìwé rẹ̀ sétí gbogbo ènìyàn. Kí akọ̀wé máa kà á ní gbogbo ìpàdé oṣù: iye tí ó wọlé, iye tí ó jáde, ohun tí a fi rà, àti rìsíìtì rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé ní ẹ̀tọ́ láti ní kí a tún un kà.

Ní ti bí a ó ti kó owó jọ, ẹ má ṣe bu iye kan náà fún olówó àti tálákà. Ẹni tí ń ta àpò 20 lọ́dún ń jèrè ọ̀nà ju ẹni tí ń ta àpò 2 lọ. Ó tọ́ kí a bu owó náà lé àpò, kí olúkúlùkù san níwọ̀n bí kòkó rẹ̀ bá ti pọ̀ tó. Ní ọdún tí kòkó kò bá so, owó náà yóò dínkù fúnra rẹ̀, kò sì ní sí ẹni tí yóò tà nínú ohun ìní rẹ̀ láti san án.

8. ÌTỌ́JÚ

Ọjọ́ tí lọ́rì àkọ́kọ́ bá wọlé, tí ẹ lu ìlù, tí ẹ jẹ, tí ẹ mu, iṣẹ́ ọ̀nà kò tíì parí; ìdajì rẹ̀ ni ẹ ṣe. Ìpín yáàdì 40 tí olúkúlùkù gbà kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Tirẹ̀ ni láti máa tọ́jú, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń tọ́jú ìdí kòkó rẹ̀. Ètò ọdún nìyí:

Oṣù kìíní àti oṣù kejì: ẹ kó ilẹ̀ inú kòtò àti inú ojú omi jáde.

Oṣù kẹta: ẹ tún àárín ọ̀nà gbé sókè, kí ẹ sì lù ú.

Oṣù kẹfà àti oṣù keje: ẹ rìn lójú ọ̀nà nígbà tí òjò ń rọ̀ lọ́wọ́. Ọjọ́ òjò ni ọ̀nà ń jẹ́wọ́ àbùkù rẹ̀. Ibi tí omi bá dúró sí, ẹ kan èèkàn sí i.

Oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò bá sinmi díẹ̀: ẹ dí gbogbo ibi tí ẹ kan èèkàn sí, kí ẹ sì ṣán igbó ẹ̀gbẹ́ kòtò.

Oṣù kẹwàá: ẹ tún ojú omi wò kí ẹrù kòkó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Bí ẹ bá fẹ́ dí ihò, ẹ gbọ́n omi àti ẹrẹ̀ inú rẹ̀ jáde, ẹ gé etí rẹ̀ kí ó dúró ṣánṣán, kí ẹ sì fi yangí tútù dí i ní ìpele ìpele, kí ẹ máa lù ú. Ẹ má ṣe fi ewé, igi tàbí èèpo kòkó dí i. Wọn yóò jẹrà, ihò náà yóò sì tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èèpo èso tí ó ti ní àrùn dúdú yóò sì máa tan àrùn náà ká fún oko tí ó wà nítòsí.

Ẹ fi igi ìdábùú sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sì tì í lẹ́yìn òjò ńlá títí ilẹ̀ yóò fi gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ kò ní rì mọ́. Lọ́rì kan tí ó di ẹrù kọjá nínú ẹrẹ̀ lè ba iṣẹ́ ènìyàn 10 jẹ́. Ṣùgbọ́n kí igi yìí má ṣe di ibi tí a ti ń gba owó lọ́wọ́ awakọ̀, kí àwọn olùrà má bàa sá fún yín.

9. OHUN TÍ Ẹ LÈ BÉÈRÈ LỌ́WỌ́ ÌJỌBA ÌBÍLẸ̀

Ọ̀wẹ̀ yín kò pa ojúṣe ìjọba rẹ́. Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999, nínú Àfikún rẹ̀ kẹrin, ka ṣíṣe àti títọ́jú ọ̀nà àti gọ́tà mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Nítorí náà ẹ má ṣe lọ síbẹ̀ bí ẹni tí ń tọrọ jẹ. Ẹ mú ìwé àdéhùn yín lọ, àti àwòrán ọ̀nà tí ẹ fi ọwọ́ yà, iye yáàdì tí ẹ ti ṣe, àti iye owó tí ẹ ti kó jọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ béèrè ohun tí ọwọ́ yín kò tó: páìpù, kátakáta tí ń tún ojú ọ̀nà ṣe, tàbí ẹnjiníà tí yóò wo odò. Ẹ ní kí a fi ìwé dá yín lóhùn, kí ẹ sì pa ìwé náà mọ́.

10. ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN TÍ Ó BÁ KA ÌWÉ YÌÍ PỌ̀

Kí ẹni tí ó mọ̀wé kà á fún àwọn yòókù, lẹ́yìn náà kí ẹ dáhùn:

1. Èló ni àbúlé wa ń san fún ẹrẹ̀ lọ́dún?

2. Igi kòkó mélòó ni yóò lọ, ti ta ni wọ́n, kí ni a ó sì fi rọ́pò wọn?

3. Oko àwọn wo ni omi yóò ṣàn sí? Ǹjẹ́ a ti bi wọ́n?

4. Ta ni yóò pa owó mọ́, ta ni yóò kọ ọ́, ta ni yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò?

5. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ta ni yóò máa kó ilẹ̀ inú kòtò?

Bí ẹ kò bá rí ìdáhùn sí ìbéèrè kẹta, ẹ má ṣe tíì gbé ọkọ́. Ẹ padà sí ìpàdé, kí ẹ sì sọ̀rọ̀ sí i. Ọjọ́ tí ẹ bá lò níbẹ̀ kò ṣòfò, nítorí àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, ọwọ́ tí ó bá sì ń kùn sí èkejì kò ní lè pa pọ̀ gbá erùpẹ̀ jọ. Ìgbà tí olóko ìsàlẹ̀ bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ka sí ibi tí omi yóò gbà, ẹ lè kan èèkàn àkọ́kọ́.